Àpótí wo ni ó yẹ ẹ̀rọ àwo-orin Garrard 301 tí bàbá mi fi sílẹ̀?

Ọmọ Baba Gíráma, Àjàṣẹ́

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò, nítorí pé ó ti di àríyànjiyàn nínú ilé mi, n kò sì fẹ́ kí káfíńtà fi ayùn kan igi kí ojú mi tó là sí i.

Bàbá mi ṣòwò ní Èkó fún ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó padà sí Àjàṣẹ́ ní ilẹ̀ Benin. Lára ẹrù tí wọ́n kó gba ẹnubodè Ìgólò wọlé ni ẹ̀rọ àwo-orin Garrard 301 kan. Òun ni wọ́n fi ń gbọ́ Haruna Ìṣọ̀lá ní alẹ́ Sátidé, pàápàá àwọn àwo àtijọ́ tí ń yí nígbà 78 ní ìṣẹ́jú kan, tí ó jẹ́ pé bí ọwọ́ bá yọ̀ báyìí, wọn a fọ́ bí àwo tánganran. Ẹ̀rọ náà ṣì ń yí títí di òní. Àpótí rẹ̀ ni ikán ti jẹ: nígbà tí mo gbé e kúrò lórí kọ́bọ́ọ̀dù ní oṣù tó kọjá, ìdí rẹ̀ dà sílẹ̀ bí èlùbọ́.

Kí n ṣàlàyé fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n. Ọdún 1954 ni Garrard gbé ẹ̀rọ yìí jáde ní ìlú Swindon ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọn kì í sì í tà á pẹ̀lú àpótí. Ohun tí oníbàárà ń gbé lọ sílé ni irin ojú rẹ̀, ẹ́ńjìnnì tí ó so mọ́ ọn nísàlẹ̀, àti irin róbótó tí àwo ń jókòó lé, èyí tí èmi máa ń pè ní ọpọ́n. Oníbàárà fúnra rẹ̀ ni yóò wá apá tí ń gbé abẹ́rẹ́, òun náà ni yóò sì gbé iṣẹ́ àpótí fún káfíńtà. Nítorí náà, kò sí ẹni tí ó lè sọ pé báyìí gan-an ni ó yẹ kí Garrard 301 rí. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ìdajì ẹwà rẹ̀ ti wà lọ́wọ́ ẹni tó ni ín.

Ní tèmi, àpótí igi tí kò ní ọnà kankan ni mo fẹ́, kí igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gún régé, kí a sì fi epo pa á títí yóò fi máa dán. Ọmọkùnrin mi tí ó wà ní Paris kò gbà. Ó ń fi fọ́tò àwọn ẹ̀rọ olówó gọbọi ránṣẹ́ sí mi, èyí tí wọ́n fi ike tí ó mọ́ gaara bí omi ṣe, tí ó dúró lórí ẹsẹ̀ mẹ́ta, tí gbogbo ìfun rẹ̀ sì wà níta. Ó ní àpótí aṣọ ìyá àgbà ni èyí tí mo ń sọ. Ìyàwó mi wo fọ́tò náà títí, ó wá béèrè pé ṣé ilé ìwòsàn ni wọ́n ti ń lò ó. Kí ni ẹ̀yin rí sí i?

Agbẹ́gilére, Kétu

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìtọ́jú ohun bàbá yín. Iṣẹ́ igi ni mo ń ṣe, ẹ ó sì rò pé n ó ní kí ẹ jẹ́ kí n fín àpótí náà láti òkè dé ilẹ̀. Rárá o.

Ẹ wo igi Gẹ̀lẹ̀dẹ́ dáadáa nígbà mìíràn tí ó bá jáde. Ojú tí ó wà nísàlẹ̀ máa ń pa rọ́rọ́: ìpéǹpéjú rẹ̀ wálẹ̀, ètè rẹ̀ pa dé, bí ẹni tí ń gbọ́ ọ̀rọ̀ àgbà. Orí rẹ̀ lókè ni gbogbo ariwo wà, ejò tí ń bá ẹyẹ jà, ẹni tí ó gun alùpùpù, obìnrin tí ó jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ. Bí agbẹ́gi bá tún kó ariwo sí ojú náà, òǹwòran kò ní mọ ibi tí yóò gbé ojú sí. Ní ti ẹ̀rọ yín, ọpọ́n tí ń yí àti apá tí ń rìn lórí rẹ̀ ni ariwo. Àpótí ni ojú tí ó gbọ́dọ̀ pa rọ́rọ́. Ohun tí ó ń dà mí láàmú nínú irú fọ́tò tí ọmọ yín ń fi ránṣẹ́ nìyẹn: òkè ń pariwo, ìsàlẹ̀ náà ń pariwo, ẹsẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pàápàá ní ọ̀rọ̀ láti sọ.

Síbẹ̀, n kò gbà pé ohun tí kò ní ọnà rárá ni ó kún fún ọgbọ́n jù. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọjá níwájú mọ́ṣáláṣí ńlá Àjàṣẹ́, èyí tí àwọn Àgùdà kọ́ bí ṣọ́ọ̀ṣì ìlú Bahia, tí òpó àti àwọ̀ oríṣiríṣi kún ojú rẹ̀, ṣé ẹ̀yin ni ẹ ó wá máa bẹ̀rù ọ̀ṣọ́? Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ó yí àpótí náà ká, ní ìwọ̀n ìka kan sí etí òkè, kò ní pa ẹnikẹ́ni lára.

Ní ti igi, ẹ má lo ọ̀mọ̀. Ọ̀mọ̀ ni a fi ń gbẹ́ ìlù nítorí pé ó máa ń dáhùn, igi tí yóò dákẹ́ ni ẹ sì ń wá. Igi apá wúwo, ikán kì í sì í lè rí i jẹ bọ̀rọ̀; ìrókò náà dára. Àwọ̀ wo ni irin ojú ẹ̀rọ yín?

Ọmọ Baba Gíráma, Àjàṣẹ́

Ó rí bí wàrà. Àwọn tí ó kọ́kọ́ jáde ni wọ́n kùn ní àwọ̀ eérú, tí ojú rẹ̀ dà bí irin tí a fi òòlù lù káàkiri. Àwọ̀ wàrà ni ó tẹ̀lé e, tiwa sì wà lára ìyẹn. Ọ̀rọ̀ mọ́ṣáláṣí yẹn ta mí díẹ̀, ṣùgbọ́n ìta ni wọ́n kó ọ̀ṣọ́ náà sí, kí ẹni tí ń kọjá lè rí i. Àpótí tèmi, inú yàrá ni yóò wà.

Aláìfẹ́ Wàhálà, Kétu

Haruna Ìṣọ̀lá wà lórí fóònù mi. Owó igi apá tí ẹ ń sọ yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ra fóònù mìíràn.

Ìyá Aláṣọ, Ṣábẹ̀ẹ́

Àbúrò, ẹnikẹ́ni kò pè ọ́ sí ọ̀rọ̀ fóònù.

Ọmọ Iná, Àjàṣẹ́

Ẹ̀yin àgbà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n gbèjà ọmọ tí ó wà ní Paris, kí n tó wá bá a wí.

Kì í ṣe gbogbo ẹ̀rọ tí ìfun rẹ̀ wà níta ni ó ń ṣe fáàrí. Ẹ wo GyroDec tí ilé iṣẹ́ Michell ń ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn òṣùwọ̀n bàbà tí ń dán bí wúrà ni wọ́n so mọ́ abẹ́ ọpọ́n rẹ̀, ní apá etí, ìpìlẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ ike tí ojú lè là kọjá. Ẹni tí ó bá wò ó lójú lásán yóò rò pé ẹ̀gbà ọrùn ni wọ́n fi wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n bí ìwọ̀n bá ti jìnnà sí àárín ohun tí ń yí, bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe ṣòro tó fún un láti dẹ̀rìn tàbí láti yára lójijì. Ọmọdé tí ó ti ta òkòtó rí mọ̀ pé èyí tí ara rẹ̀ gbòòrò kì í tètè ṣubú. Etí wa máa ń mọ̀ bí ìyára bá ń mì, pàápàá níbi tí olórin bá ti fa ohùn gùn. Nítorí náà, ohun tí ìyá wa rò pé ilé ìwòsàn ni wọ́n ti gbé wá, ẹ̀rọ náà ni ó ń fi ìdí tí òun fi ń yí dọ́gba han ojú. Èmi rí ẹwà nínú ìyẹn, n kò sì ní tọrọ àforíjì.

Ibi tí mo ti wá bá a wí nìyí. Garrard 301 kò ní bẹ́líìtì, ìyẹn okùn rọ́bà tí ẹ́ńjìnnì GyroDec fi ń yí ọpọ́n. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń yí àgbá rọ́bà kékeré kan, àgbá náà ni ó sì ń tẹ ara rẹ̀ mọ́ inú etí ọpọ́n tí ó fi ń yí i. Agbára ni èyí fún un, kò sí àní-àní, ṣùgbọ́n ìgbọ̀nrìrì ẹ́ńjìnnì náà kò jìnnà sí àwo. Sípíríǹgì ni wọ́n fi so ẹ́ńjìnnì náà rọ̀ lábẹ́, síbẹ̀ díẹ̀ yóò máa wọ inú irin ojú rẹ̀, yóò sì ti ibẹ̀ wọ inú ohunkóhun tí ẹ bá gbé e lé. Bí ohun náà bá fúyẹ́, abẹ́rẹ́ yóò gbọ́ ọ, ẹ ó sì máa gbọ́ hùnùhùnù lábẹ́ ìlù. Ọmọ yín rí ẹ̀wù tó wuyì lára ẹlòmíràn, ó sì fẹ́ fi wọ ẹni tí kì í ṣe ìwọ̀n rẹ̀.

Ní ti iná, ẹ má ṣe ìyọnu: ti Èkó àti tiwa jọ ń lọ tí ó ń bọ̀ nígbà 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí náà ẹ̀rọ náà kò ní yára ju bí ó ti ń ṣe níbẹ̀ lọ.

Ẹ sọ fún wa, apá wo ló wà lórí rẹ̀? Ó kan ìrísí àpótí. Nínú àwọn apá tí ilé iṣẹ́ SME ṣe, 3012 gùn ju 3009 lọ dáadáa, àpótí rẹ̀ yóò sì gùn sí i ní ẹ̀gbẹ́. Bí ẹ kò bá tíì ní apá, ẹ yan èyí tí ojú yín bá fẹ́ láàárín èyí tí ó wọ́ bí ejò àti èyí tí ó gún. Ó di dandan kí orí abẹ́rẹ́ yí wọnú díẹ̀ kó lè bá ipa àwo mu. Yálà wọ́n tẹ ara apá ni o, tàbí wọ́n yí orí rẹ̀ nìkan, ibì kan náà ni abẹ́rẹ́ ń dé.

Ọmọ Baba Gíráma, Àjàṣẹ́

SME 3009 ni, èyí tí ó wọ́ bí ejò. O ṣeun, ọmọ mi. N ó fi ọ̀rọ̀ ẹ̀wù yẹn ránṣẹ́ sí Paris gẹ́gẹ́ bí o ṣe sọ ọ́.

Ìyá Aláṣọ, Ṣábẹ̀ẹ́

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ ìwọ̀n àti ìgbọ̀nrìrì láti òwúrọ̀, kò sì tíì sí ọkùnrin kan nínú yín tí ó dárúkọ eruku. Ṣé ẹ̀yin kì í rí ọyẹ́ ní Àjàṣẹ́ ni?

Ọkọ mi ra ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀rọ tí kò láṣọ lára yìí ní Kútọnu, àlòkù ni. N kò ní dárúkọ ẹni tí ó ṣe é. Ní oṣù Kejìlá, bí a bá jí ní òwúrọ̀, eruku pupa ti jókòó sórí okùn rọ́bà rẹ̀, ó ti wọ inú ihò ìdè rẹ̀, ó ti tẹ́ pẹrẹsẹ sórí ike náà, tí ó fi jẹ́ pé ohun tí ó yẹ kí ó mọ́ gaara ti dà bí ojú ẹni tí kò tíì bọ́jú. Aṣọ kò lè wọ inú rẹ̀. Ìyẹ́ àkùkọ ni mo fi ń gbọn ọ́n, èyí tí ó gùn ní ìrù, nítorí pé ó rọ̀ ní orí, ó sì le ní ìdí, n ó sì máa fi orí rẹ̀ yí òṣùwọ̀n kọ̀ọ̀kan ká bí ẹni tí ń kun tìróò. Ó tó ìdajì wákàtí. Lẹ́yìn náà ọkọ mi á dé, á wò ó, á ní, "Kò sí ohun tó lẹ́wà tó o." N kì í dá a lóhùn.

Ẹ̀rọ kan wà tí mo fẹ́ràn ìrísí rẹ̀ láìtíì fọwọ́ kàn án rí: Beogram 4000 ti Bang & Olufsen, tí Jacob Jensen ya ní Dẹ́ńmáàkì, tí ó jáde ní ọdún 1972. Ó tẹ́ bí pátákó ìgéṣu. Apá rẹ̀ kò rọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó ń rìn tààrà láti etí àwo lọ sí àárín, apá kejì tí ó bá a rìn sì ń fi ìmọ́lẹ̀ wò ó bí àwo bá wà níbẹ̀ kí ó tó gbé abẹ́rẹ́ sọ̀ kalẹ̀. Èèyàn lè fi aṣọ nù ún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kí ó sì parí. Ẹni tí ó ya irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ti gbálẹ̀ rí.

Èkejì ni SK 4 ti Braun, láti Jámánì, ní ọdún 1956, iṣẹ́ Hans Gugelot àti Dieter Rams. Irin ni wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ fi ṣe ìdérí rẹ̀, ṣùgbọ́n irin náà ń gbọ̀n bí orin bá ti ròkè, ni wọ́n bá fi ike tí ojú ń là kọjá rọ́pò rẹ̀. Àwọn èèyàn fi í ṣe ẹlẹ́yà nígbà náà, wọ́n pè é ní pósí Snow White, ìyẹn ọmọbìnrin inú àlọ́ ilẹ̀ wọn tí wọ́n tẹ́ sínú pósí onídígí. Lẹ́yìn náà, ìdérí bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ayé wá ń lò. Nítorí náà, Bàbá, àpótí yín kò kàn mí tó bẹ́ẹ̀. Ìdérí rẹ̀ ni mo fẹ́ gbọ́.

Afọ̀nrinṣàríyá, Àjàṣẹ́

Ọdún méjìdínlógún ni mo fi lọ àwo níbi ìnáwó, láti Àjàṣẹ́ dé Sàkétè, orí Technics SL-1200 sì ni. Pálọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ yà á fún, ṣùgbọ́n àwa tí ń lọ àwo ni a sọ ọ́ di tiwa. Ó jáde ní 1972, wọ́n tún un ṣe ní 1979, wọ́n dá a dúró ní 2010, nígbà tí wọ́n sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é ní 2016, ojú kan náà ni ó gbé padà wá. Ìlà tótòtó mẹ́rin tí ó yí etí ọpọ́n rẹ̀ ká wà fún iṣẹ́: bí iná pupa náà bá tàn sí i, tí ìlà tí o ń wò sì dúró gbọin bí ẹni pé kò yí, o mọ̀ pé ìyára rẹ̀ pé. Mo ti rí ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó kàn dúró tì mí lóru láti máa wo tótòtó yẹn, kò jó rárá. Ẹwà tí wọn kò pète rẹ̀ ni, òun ló sì pẹ́ jù lójú mi.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n béèrè ìbéèrè òmùgọ̀: nígbà tí ẹ bá ń gbọ́ àwo, ibo ni ẹ máa ń wò?

Ọmọ Baba Gíráma, Àjàṣẹ́

Ìbéèrè òmùgọ̀ kọ́ ni. Ó gbà mí lóorun lánàá.

Mo ti múra àwíjàre mi sílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Mo fẹ́ sọ fún yín nípa Linn Sondek LP12 tí wọ́n ti ń ṣe ní Skọ́tláǹdì láti ọdún 1973, àpótí igi onígun mẹ́rin tí kò fi bẹ́ẹ̀ yí ìrísí padà. Nígbà tí ó pé àádọ́ta ọdún ní 2023, wọ́n pe Jony Ive, ẹni tí ó ti ya fóònù Apple, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, kí wọ́n fi ọwọ́ kàn án. Wọ́n ṣe 250 péré. Bọ́tìnnì rẹ̀ àti ìdè ìdérí rẹ̀ wà lára ohun tí wọ́n tún ṣe, ṣùgbọ́n àpótí náà ṣì jẹ́ àpótí igi. Mo fẹ́ fi ìyẹn pa ọmọ mi lẹ́nu mọ́.

Ṣùgbọ́n ìbéèrè yẹn rán mi létí nǹkan mìíràn. Nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́jọ, orí ẹní ni mo ń sùn ní yàrá bàbá mi, orí àga pẹlẹbẹ kan tí kò ga ju orúnkún lọ ni wọ́n sì gbé ẹ̀rọ náà kà. Bí mo bá fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, n kì í rí ọpọ́n. Ẹ̀gbẹ́ àpótí ni mo ń rí: ìlà igi rẹ̀ tí ń ṣàn lọ, kókó igi kan ní apá òsì tí mo gbà pé ojú ẹyẹlé ni, àti lókè rẹ̀, etí àwo tí ń ròkè tí ń rodò, nítorí pé oòrùn ti ká a. Títí di òní, bí wọ́n bá ní ẹ̀rọ kan lẹ́wà, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni ojú mi ń wá.

Ọmọ tèmi kò rí i bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n bí i, ẹ̀rọ náà ti gun orí kọ́bọ́ọ̀dù, ìyá rẹ̀ sì ti fi aṣọ léèsì bò ó. Fọ́tò ni ó ti mọ ẹ̀rọ àwo-orin, òkè ni wọ́n sì máa ń dúró sí ya fọ́tò wọn, láti igun. Bí a bá wo àpótí mi láti ibẹ̀, pátákó kan ni; kò sí nǹkan kan níbẹ̀ lóòótọ́. Ẹ̀rọ oníke tirẹ̀ náà, bí mo bá dùbúlẹ̀ lórí ẹní kí n wò ó, ẹsẹ̀ mẹ́ta àti okùn ni n ó rí. A ti ń jà láti oṣù méjì láìjọ dúró sí ojú kan.

Agbẹ́gilére, Kétu

Ẹ̀gbọ́n, ká ní ẹ ti sọ èyí ní ọjọ́ àkọ́kọ́ ni, ǹ bá ti dá ẹnu mi dúró lórí ọ̀rọ̀ ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn. Iṣẹ́ wa kò yàtọ̀. Kí n tó gbé ọ̀bẹ sí igi, mo ní láti mọ̀ bóyá orí ni ẹni tí yóò lò ó yóò gbé e sí, tí àwọn tó jókòó yóò máa wòkè wò ó, nítorí pé ojú tí mo bá gbẹ́ dọ́gba lórí ìjókòó mi yóò dà bí èyí tí ó ń sùn bí ó bá gòkè.

Ibo ni ẹ ó gbé e sí báyìí? Bí ó bá jẹ́ ibi tí kò ga ju orúnkún, ẹ̀gbẹ́ iwájú ni kí a náwó lé. Ìrókò ni n ó lò dípò apá. Apá pupa jù fún irin aláwọ̀ wàrà, ìrókò máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àwọ̀ wúrà kí ó tó ṣú sí àwọ̀ ilẹ̀, wọn yóò sì jọ gbó. N ó gé ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lára pátákó kan náà, ní tẹ̀lé-ń-tẹ̀lé, n ó sì gé orí wọn ní ìdagẹ̀rẹ̀ kí ìlà igi lè yí igun láìjá. Inú ni a ó kó ìwọ̀n sí, pátákó lórí pátákó, fún ohun tí Ọmọ Iná sọ. Kò ní sí ọnà kankan. N ó sì wá èyí tí ó ní kókó.

Ọmọ Iná, Àjàṣẹ́

Ẹ jọ̀wọ́, kí kókó náà má bọ́ sí ibi tí a ó ti lu ihò ìdè. Ó máa ń là.

Ìyá Aláṣọ, Ṣábẹ̀ẹ́

Ìdérí ńkọ́?

Ọmọ Baba Gíráma, Àjàṣẹ́

Àga pẹlẹbẹ bàbá mi ṣì wà, ikán kò rí i. Orí rẹ̀ ni yóò padà sí.

Ọmọ mi ti ka gbogbo ohun tí ẹ kọ. Ó dákẹ́ fún ọjọ́ méjì, ó wá ní òun gbà sí ìrókò, bí mo bá lè jẹ́ kí ìdérí rẹ̀ jẹ́ ike tí ó mọ́ gaara, òun ni yóò sì san owó rẹ̀. Kò ní sí ìdè lẹ́yìn rẹ̀. A ó máa fi ọwọ́ méjèèjì gbé e kúrò bí ìdérí ìkòkò, kí Ìyá Aláṣọ má baà rí ihò tí eruku ń gbé. Ìyàwó mi ní aṣọ léèsì òun ṣì ń bọ̀ lórí rẹ̀. N kò tíì fèsì.

Ìyá Aláṣọ, Ṣábẹ̀ẹ́

Ẹ gbà fún un. Ike máa ń ṣá bí oòrùn bá ń pa á.

Agbẹ́gilére, Kétu

Ẹ gbé ẹ̀rọ náà lé páálí, kí ẹ fi pẹ́ńsùlù fa ìlà yí i ká, kí ẹ sì gé ihò rẹ̀ bí ó ti rí gan-an. Ẹ má fi téèpù télọ̀ wọ̀n ọ́n fún mi, ó máa ń fà. Ẹ mú apá SME náà dání, ṣùgbọ́n kí ẹ kọ́kọ́ yọ abẹ́rẹ́ rẹ̀, nítorí ọ̀nà Pobẹ̀ sí Kétu.